Ìkòkò Elégédé àti Ìbọ̀sẹ̀ Gígùn

Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì dókítà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mi ti ní irú ẹsẹ̀ tí mo ní yìí rí. Mo ní n kò mọ̀. Mo mọ̀ dáadáa. Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí ìyá mi, ẹni tó tọ́ mi dàgbà nínú ilé tí mo ṣì ń gbé ní Wythenshawe, ní Manchester yìí, tí a sì sin ní ìgbà ìwọ́wé ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti máa sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ìyá àgbàlagbà fún ẹni tí n kò rí rí, bí ojú ṣe ń tì mí láti ká ṣòkòtò tèmi sókè níwájú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi nígbà kan, mo yẹ̀ ẹ́, mo ní iṣẹ́ pọ̀ nílé-ìwé. Wọ́n tún ti dá òmíràn. Ọjọ́bọ̀ ni.

Kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, mo fẹ́ kọ nǹkan nípa rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti kọ ọ́. Ìwé pélébé tí a pín níbi ìsìnkú rẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́: mo ní ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó fẹ́ràn ọmọdé, ó lawọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ èèyàn lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kó fi ti ìyá ẹlòmíràn sí i. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ohun tó ṣe nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìkórè kò sí níbẹ̀, torí mo rò nígbà náà pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìsìnkú.

Ìbọ̀sẹ̀ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ búráùn ni, ó nípọn, ó dé orúnkún, abẹ́ ìró ló sì máa ń wà, òjò ni, oòrùn ni. Nígbà tí oòrùn bá mú díẹ̀ nílùú yìí, tí gbogbo àdúgbò ti wọ ṣòkòtò péńpé, tí àwọn aládùúgbò wa sì nà gbalaja sórí koríko, Ìyá Àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń bi í pé ṣé ooru ò mú un ni. Á ní òtútù ló ń mú òun. Mo ní oòrùn ń ràn. "Òtútù ilẹ̀ yìí kì í lọ fún họ́lídé," ló wí, ó sì ń bá ẹ̀wà tó ń ṣà lọ.

Tíṣà ni ní Ìsẹ́yìn kí ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níhìn-ín, tó ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun tọ́ mi. Ìyá mi tètè kú. Àwa méjèèjì ló kù nínú ilé. Ìyá Àgbà ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ lórí ìdúró níwájú pátákó, ó sì dà bíi pé kò kúrò níbẹ̀ rí. Ìdí tábìlì ìdáná ló ti kọ́ mi ní Yorùbá, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Tí mo bá nawọ́ tí mo ní kó bá mi mú nǹkan yẹn, á gbé nǹkan náà dání, kò ní fún mi. "Ṣé kò lórúkọ ni," á ní, "àbí ìwọ ni o ò tíì kọ́ orúkọ rẹ̀?"

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín fi ń pa mí títí di òní tí mo bá rántí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ló ṣi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Iṣan ni ọ̀rọ̀ náà.

Ìbídùn ìyàwó mi ló gbé e wálé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Ìbídùn nígbà tó dé Manchester. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Trafford Park, tó ń di ẹrù sínú páálí láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé ìparí; lẹ́yìn ìyẹn ó ṣe care, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó, lẹ́yìn ìyẹn ó di nọ́ọ̀sì. Ìdúró ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo mú un wálé láti fi han Ìyá Àgbà, àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn débi pé èmi ni mo wá dà bí àlejò. A ṣègbéyàwó, àwa mẹ́ta sì jọ ń gbé. Kò pẹ́ tí iṣan fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́sẹ̀ Ìbídùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wúwo tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó lọ rí wọn ní ọ́fíìsì dókítà. Wọ́n ní kó máa gbé ẹsẹ̀ sókè tó bá jókòó, kó máa rìn, kó dín iyọ̀ kù, kó máa jẹ èso tó dúdú àti ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, kó sì padà wá tí nǹkan kan bá yí padà. Nígbà tó délé, ó ká gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún Ìyá Àgbà. Ó ní: "Màmá, wọ́n ní kí n máa jẹ oúnjẹ tó dáa fún iṣan."

Lọ́jọ́ kejì Ìyá Àgbà wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Rusholme, ó sì gbé bọ̀kọ̀tọ̀ dé, èyí tó jẹ́ kìkì iṣan láti òkè dé pátákò. Ó sè é títí tó fi ń gbọ̀n nínú ìkòkò. Ó bu abọ́ kan kalẹ̀ níwájú Ìbídùn, ó ní iṣan rèé, kó jẹ ẹ́ kí tirẹ̀ lè le. Ìbídùn wo abọ́, ó wo Ìyá Àgbà, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ni wọ́n ń wí, kì í ṣe iṣan ẹran. Ìyá Àgbà dúró pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bíi pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ ọ́ sí pátákó. Èyí tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan. Èyí tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, iṣan. Èyí tó ń yọ lọ́rùn ẹni tó ń pariwo, iṣan. Kò gbà pé òun ló jẹ̀bi. "Èdè ló sọ èèyàn mẹ́ta lórúkọ kan," ló wí. "Èyí tó kọ́kọ́ dáhùn ni mo sè."

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń bi Ìbídùn nípa àwọ̀. Èso tó dúdú, báwo ló ṣe dúdú tó? Ìgbà wo ló máa ń pọ́n níhìn-ín? Mọ́rìn ló dá a lóhùn jù. Mọ́rìn ni ìyá àgbàlagbà ará Ireland tí ọgbà rẹ̀ fara kan tiwa. Ó ní igi ápù kan, blackberry, èso dúdú kékeré, sì kún etí ọgbà rẹ̀. Irú blackberry kan náà wà lẹ́bàá ọ̀nà tí tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ń gbà, lórí igi ẹlẹ́gùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Tí òtútù bá ti fẹ́ máa wọlé, Ìyá Àgbà á mú ike áísíkíríìmù, á wọ ìbọ̀wọ́, á jáde lọ ká a. Mo máa ń bá a lọ, ṣùgbọ́n mo máa ń rìn jìnnà sí i díẹ̀, torí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kẹ́mísírì máa ń wọ tram náà, n kò sì fẹ́ kí wọ́n rí tíṣà wọn tó ń ṣa oúnjẹ nínú igbó. Ó mọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn rí. "Tí tram bá ti kọjá," á ní, "kí o wá bá mi gbé ike."

Ìgbà kan wà tó rí èso kan lábẹ́ igi ńlá nínú páàkì. Ó jáde láti inú èèpo ẹlẹ́gùn-ún, ó ń dán bí obì, ó pọ́n bíi bàtà tuntun. Ó kó o kún àpò. Ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ìbátan awùsá ni, ó sì ti gbé e kaná, nígbà tí Mọ́rìn rí èèpo rẹ̀ lórí pàǹtírí wa. Mọ́rìn lu fèrèsé ìdáná títí gíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Kì í ṣe jíjẹ, ó ní. Okùn ni àwọn ọmọdé ń so mọ́ ọn tí wọ́n fi ń ṣeré. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á ṣàìsàn. Ìyá Àgbà da gbogbo rẹ̀ nù, ó fi ọṣẹ fọ ìkòkò, ó tún un fọ̀. Ọ̀kan ṣẹ́ kù lójú fèrèsé. Ó mú un, ó yí i wò nínú ìmọ́lẹ̀. "Ohun tó dán tó báyìí tí òyìnbó fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀," ló wí, "ó yẹ kí n ti fura."

Ìkòkò náà rèé, bí mo ṣe rí i tó ń sè é. Elégédé ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ àdúgbò á gbẹ́ ojú àti eyín sára elégédé, wọ́n á fi àbẹ́là sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, níbẹ̀ ni yóò sì jẹrà sí. Ojú máa ń ti Ìyá Àgbà fún wọn. Òun máa ń ra èyí tí kò tóbi, torí ó ní omi ló kún inú èyí tó tóbi. Á gé e tèèpo-tèèpo tí èèpo rẹ̀ bá rọ̀. Á fi òróró díẹ̀ yí àlùbọ́sà pupa, àlùbọ́sà tó pọ̀ gan-an, lórí iná tí kò le, títí á fi rọ̀ tí á máa dùn. Á gún atalẹ̀ àti ááyù sí i, pẹ̀lú ata rodo kan. Ìgbà yẹn ni elégédé á wọlé, pẹ̀lú bíìtì, gbòǹgbò pupa kan, tó ti rin àti ẹ̀wà tó ti sè sílẹ̀. Kò sí màgí. Irú ló fi ń mú un dùn, àti iyọ̀ tí kò ju ohun tí ìka méjì lè mú lọ. Á wá to ẹja títùs sórí rẹ̀, kò sì ní rò ó mọ́ kó má baà fọ́. Ewé kale tó ti já wẹ́wẹ́ ló ń kẹ́yìn, á sì sọ ìkòkò kalẹ̀ kí ewé náà tó mọ̀ pé iná kan òun. Òkèlè óòtì la fi ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, a ó jẹ ápù Mọ́rìn àti blackberry tó ti bọ̀ pọ̀ pẹ̀lú atalẹ̀, láìsí ṣúgà. Tí mo bá fajú ro nítorí kíkan rẹ̀, Ìyá Àgbà á wò mí. "Ẹnu ló kan," á ní, "kò kan ẹsẹ̀."

Bíìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó kọ́kọ́ fi í sínú ìkòkò, mo tọ̀, ó pupa. Mo gbà pé kíndìnrín mi ti lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fọwọ́, mo wọ táì, mo lọ kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan tí èmi fúnra mi kò gbọ́. Lọ́sàn-án Ìbídùn pè mí láti ibi iṣẹ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó béèrè bóyá mo ti tọ̀ lónìí. Òun náà ti ń fi tirẹ̀ pa mọ́ láti àárọ̀, nínú ilé ìwòsàn tó kún fún àwọn tó lè dá a lóhùn. Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà ti mọ̀. Òun náà ti rí i, ó ti béèrè lọ́wọ́ Mọ́rìn, Mọ́rìn sì ti ní bíìtì ni. A rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rín. Ó wò wá bí ẹni tó mú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jí ìwé wò. "Ẹ̀yin méjèèjì kàwé," ló wí, "ẹ wá ń fi ara yín pa mọ́ fún ara yín." Ìbọ̀sẹ̀ gígùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìjà rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Èyí tó pẹ́ jù ni ti òun àti Ìyá Déborà, olórí àwọn ìyá nínú ìjọ wa. Níbi ìpàdé kan, Ìyá Déborà tọ́ ọbẹ̀ elégédé náà wò, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó béèrè níwájú gbogbo èèyàn bóyá wọ́n ti kéde àwẹ̀ tí òun ò gbọ́. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà bojú wo ẹsẹ̀ Ìyá Déborà, níbi tí okùn bàtà ti wọnú ẹran. "Iyọ̀ tí ẹ ń wá nínú ọbẹ̀ mi," ló wí, "ó ti wà nínú bàtà yín." Wọn ò kí ara wọn títí di Kérésìmesì.

Mo ti ń yí po láìfẹ́ dé ọ̀rọ̀ ikú Ìbídùn. Ìgbà ìwọ́wé ni, ọdún méjì ṣáájú ikú Ìyá Àgbà. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú lẹ́yìn, lábẹ́ orúnkún, ó sì gbóná. Ọ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe méjèèjì bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. Mo ní kó fi hàn wọ́n níbi iṣẹ́. Ó ní ta ni kí òun ká ṣòkòtò fún, àwọn tí àwọn jọ ń jẹun? Àwọn tó ń gbọ́ ọ lẹ́nu òun lójoojúmọ́ pé kí èèyàn má fi àìsàn pa mọ́? Ó ní iṣan àtijọ́ náà ni. Ìyá Àgbà gbé ìkòkò kaná. Ó bu oúnjẹ, ó fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Jẹ ẹ́, ọmọ mi," ló wí. "Á rọlẹ̀." Èmi ni mo gbé abọ́ náà fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń wá bàtà rẹ̀ kiri, ó ní èémí òun ò délẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti lọ.

Dókítà tó bá wa sọ̀rọ̀ fara balẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan ẹsẹ̀, tó já, tó sì rìn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Mo béèrè, ó sì dá mi lóhùn, pé tí wọ́n bá tètè rí i, oògùn wà fún un. Etí Ìyá Àgbà ti ń wúwo nígbà yẹn, èmi ni mo tún un sọ fún un ní Yorùbá. Mo ní iṣan. Kò béèrè èwo.

Kò se ìkòkò náà mọ́. Blackberry Mọ́rìn pọ́n, ó rà sórí igi.

Àmọ́ òkìkí ìkòkò náà kò dúró nílé wa. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe care nínú ìjọ wa, tí wọ́n ń dúró láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ti ń fi bí wọ́n ṣe ń sè é ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Ìkòkò Iṣan ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ìkórè tún sún mọ́lé, Ìyá Déborà fúnra rẹ̀ wá bẹ Ìyá Àgbà pé kó wá sè é fún àwọn ìyá, kó sì kọ́ wọn. Ìyá Àgbà ní òun ò wá. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, Tósìn, kúnlẹ̀ kí i. Tósìn máa ń fi gbogbo nǹkan ṣàwàdà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń jẹ ìkòkò Màmá, òun ti sọ fún dókítà òun pé kó lọ sinmi. Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò tètè fi sílẹ̀. Nínú mọ́tò, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ó ní kí n pe Ìyá Déborà, kí n sọ pé òun á wá.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ni ìjọ wa máa ń yá. Lọ́jọ́ náà, elégédé àti ápù wà lórí tábìlì iwájú, àwọn obìnrin sì jókòó yí ká, òmíràn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Èmi ni mo gbé ìkòkò wọlé. Ìyá Àgbà dúró tì í, ó ń dárúkọ ohun kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tó bá wà ní Ìsẹ́yìn, ó sì ń mú kí wọ́n pè é tẹ̀ lé òun. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tósìn nawọ́ sókè. "Màmá," ló wí, "ẹ̀ẹ̀melòó la máa jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ kí iṣan tó kó ẹrù ẹ̀ jáde?"

Ìyá Àgbà gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó fa àga mọ́ra, ó jókòó, ó tẹ̀ síwájú, ó sì fa ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bó nǹkan tó lè ya. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti bọ́ kóòtù mi, mo ti fẹ́ fi bò ó. Kò gbójú sókè.

"Àkànní," ló wí, "jókòó."

N kò jókòó. Mo dúró pẹ̀lú kóòtù lọ́wọ́, mo sì rí ẹsẹ̀ ìyá àgbà mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Iṣan rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí gbòǹgbò igi tí òjò ti wẹ ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó le, àpá egbò àtijọ́ sì wà níbẹ̀, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ẹnì kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn ní, "Jésù!" Ìyá Déborà ń wo àjà.

Ó sọ fún wọn pé ní Ìsẹ́yìn, nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, ọmọ kíláàsì òun kan ya ejò sí pátákó, ó sì wọ bàtà tíṣà fún un. Tíṣà Eléjò ni wọ́n ń pe òun títí òun fi kúrò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn lòun ra ìbọ̀sẹ̀. Ó ní ọkọ òun kú láìrí ẹsẹ̀ òun lójú ọ̀sán rí. Ó ní gbogbo wọn ló mọ Ìbídùn.

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń bo ẹsẹ̀," ló wí. "N kò fẹnu sọ ọ́. Ìbọ̀sẹ̀ mi ló ń wò. Oúnjẹ yìí dáa, ẹ máa jẹ ẹ́. Ọdọọdún ni mò ń jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ mi rèé. Oúnjẹ ni, kì í ṣe dókítà. Ẹ lọ fi tiyín hàn wọ́n." Ó na ẹsẹ̀ náà síwájú wọn. "Ojú ń tì mí. Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀."

Tósìn dìde, ó wá kúnlẹ̀ níwájú àga, kò sì ṣàwàdà. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ sókè, ó béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ bóyá bí ti Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Déborà sọ ojú kalẹ̀ láti àjà, ó fa àga tirẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún òun. Ó jẹ ẹ́ tán láìbéèrè iyọ̀.

Tósìn lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní iṣan tirẹ̀ kò tíì le, wọ́n fún un ní ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, ó sì ń ṣàfihàn rẹ̀ kiri bíi bàtà tuntun. Obìnrin mìíràn lọ, tí tirẹ̀ le. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun. Ó wà láàyè.

Nígbà tí a ń padà sílé lọ́jọ́ náà, mo rí i pé Ìyá Àgbà ti wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ padà. Inú mi ti ń dùn, mo ti ń rò pé ẹrù kan ti kúrò lórí rẹ̀. Mo ní mo rò pé ìtìjú náà ti tán. Ó wo ojú fèrèsé mọ́tò. "Ta ló sọ fún ọ?" ló wí. "Mo gbé e dání ni mo fi ṣe é."

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ló lọ, lórí ibùsùn rẹ̀, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ fẹ́ múra fún un, wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò, torí ohun tó ṣe fún wọn. Mo ronú sí i. Mo mú ìbọ̀sẹ̀ búráùn wá láti inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, Ìyá Déborà sì wọ̀ ọ́ fún un, ó fà á gún régé dé orúnkún.

Láti ìgbà òtútù tó kọjá ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì. Orí ìdúró níwájú pátákó ni èmi náà ń jẹun. Mo ra ìbọ̀sẹ̀ gígùn, mo sì rí i lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe tẹ̀ láti fà á sókè, pé búráùn ni mo rà. Àwọn èèyàn ṣì ń kí mi kú àṣẹ̀yìndè Ìyá Àgbà, wọ́n ní mo ṣe bẹbẹ, pé èmi tí mo sin ìyàwó tún fara balẹ̀ tọ́jú ìyá. N kò mọ ibi tí mo lè gbójú sí tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tí mo rí nínú gbọ̀ngàn yẹn, mo sì tún lọ ra ìbọ̀sẹ̀.

Lánàá, Mọ́rìn na ápù àti blackberry sí mi lórí ọgbà, kò bi mí ní nǹkan kan. Mo se ìkòkò náà. Irú rẹ̀ pọ̀ jù, ewé rẹ̀ sì kú. Mo jẹ ẹ́.

Ibí ni mo kọ ọ́ dé, mo sì rò pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ti dé, ó ti kọjá, mo sì fẹ́ fi èyí kún un.

Nọ́ọ̀sì tó pè mí wọlé kò dàgbà ju àwọn tí mo kọ́ ní kẹ́mísírì lọ. Ó wo orúkọ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní "Ẹ káàárọ̀, sir," pẹ̀lú ohùn Manchester pọ́ńbélé. Ìgbà náà ni mo fẹ́ dìde. Tó bá jẹ́ òyìnbó ni, mo rò pé ì bá sàn. Ó fọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ní in nínú family mi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní ìyá àgbà mi ni.

Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bọ́ socks mi fún òun. Mo tẹ̀. Mo ká ṣòkòtò sókè, mo di etí ìbọ̀sẹ̀ mú, ọwọ́ mi sì dúró síbẹ̀. Ọmọ náà kò kán mi lójú.

"Ojú ń tì mí," mo wí fún un, mo sì fà á sílẹ̀. "Wò ó bẹ́ẹ̀."